Ọwọ́ Ọ̀tún Ìyálé Mi

Ọwọ́ ọ̀tún ìyálé mi ti dín ẹja fún àwọn òkú ilé Noh fún ọdún mẹ́rìndínlógójì kó tó kọṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tí wọ́n fi ojú obìnrin náà rí lẹ́yìn ìyẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní olónìí. Mo ti gbìyànjú kí n gbàgbé ẹ̀, kò ṣeé ṣe. Nígbà míì tí mo bá ń ka oògùn sínú ìgò fún oníbàárà, màá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọmọ ilé Noh kejì ló fẹ́ mi. Ìyálé mi ni ìyàwó àkọ́bí. Daegu ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, níbi tí mo ti ń ta oògùn. Yeongju ni tiwọn, nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n bí àwọn ọkọ wa sí, àwọn àti Màmá, ìyá ọkọ wa, tó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ìyá Gyuwon ni gbogbo wa ń pe ìyálé mi, nítorí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lórúkọ. Pyo Ok-bun lorúkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ síbí, torí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yẹn.

Etí òkun ní Yeongdeok ni wọ́n bí Ok-bun sí. Bàbá rẹ̀ ń pa akàn, ìyá rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, òun ló ń gbá tẹníìsì orí tábìlì fún àgbègbè wọn. Ó fi fọ́tò kan hàn mí lẹ́ẹ̀kan, ó fi pamọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ òtútù: ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gé irun kúkúrú, tó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, tí ojú rẹ̀ le koko bíi pé ó fẹ́ jẹ ẹni tó wà lódìkejì tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin rèé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára dá a padà sábẹ́ aṣọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí alárinà mú un wá fún Noh Byeong-tak, akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba, àkọ́bí ilé. Níbi tí àwa ń gbé, obìnrin tó bá fẹ́ àkọ́bí, òun àti gbogbo òkú ilé náà ló jọ ṣègbéyàwó. Bàbá ọkọ rẹ̀, bàbá àgbà, àwọn ìyá àgbà, títí dé ìran kẹrin sókè, olúkúlùkù ló ní ọjọ́ ikú tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Bàbá àgbà wa tiẹ̀ fẹ́ ìyàwó méjì, àwọn méjèèjì ló sì ń jẹun. Ẹ wá fi ọdún tuntun àti Chuseok, ọdún ìkórè, kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún ni, fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyálé mi á tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní ilé ìdáná, á gbé páànù oníná lé e, á lóṣòó tì í. Á gé ẹja, á gé elégédé, á gé olú, á yí wọn ní ìyẹ̀fun, á rì wọ́n bọnú ẹyin, á dín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ fi ojú jóná. Á se ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, torí ní Yeongju, tábìlì tí kò bá sí ẹja yẹn, àwọn ará ilé á ní wọ́n ti tàbùkù baba ńlá. Àwọn ọkùnrin á wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá ìlà oòrùn ló yẹ kí wọ́n kọjú orí ẹja sí tàbí ìwọ̀ oòrùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ọkùnrin yẹn kan náà á wọ aṣọ ńlá, wọ́n á forí balẹ̀ níwájú tábìlì. Obìnrin kì í forí balẹ̀ nílé wa. Obìnrin tó se oúnjẹ ọ̀hún á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù, á máa retí kí wọ́n jẹ tán kó lè fọ abọ́.

Kí n má purọ́, èmi náà jẹ̀bi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń dé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí, pẹ̀lú páálí èso pía kan lọ́wọ́ àti àwáwí lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n tètè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù." Irọ́ ni. Nígbà míì, inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà fún wákàtí kan gbáko kí n má baà tètè dé. Kò bá mi wí rí.

Ìgbà ọdún tuntun ni ìṣòro ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí ọdún, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Àwọn ìka náà ò gbọ̀n, wọn ò wú. Wọ́n kàn ń tú sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún, ara rẹ̀ yá. Nígbà tí ọjọ́ ikú bàbá àgbà tún kù díẹ̀, ọwọ́ tún kọ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán egungun, wọ́n yẹ iṣan wò, dókítà ní nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ oníabẹ́rẹ́ tín-ín-rín, wọ́n gún un láti ìka dé èjìká. Ọ̀bẹ ṣì ń bọ́. Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé ọwọ́ náà ń ya irun, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń tẹ fóònù. Ọ̀bẹ ìdáná àti igi tí a fi ń yí ẹja nínú epo nìkan ni kò gbà.

Ni ọ̀rọ̀ bá dé. "Ọwọ́ ọlọ́gbọ́n," ọkọ rẹ̀ sọ níwájú mi. "Ó mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ wà." Màmá náà ò gbẹ̀yìn. Orí àga rẹ̀ tó wà nítòsí fèrèsé ló ti sọ tirẹ̀, kò tiẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni: "Àwa náà lọ́wọ́ nígbà tiwa. Ta ló gbọ́ pé ó dùn wá?" Ìyálé mi kàn fi ọwọ́ ọ̀tún náà pamọ́ sábẹ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ bíi pé ó jí i ni.

Nígbà tí Chuseok ku oṣù kan ààbọ̀, ẹ̀rù wá ń ba Bàbá Gyuwon, ọkọ rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló máa wá, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ẹja tí wọ́n rà lọ́jà lórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún un nípa choemyeon, ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tu ọkàn èèyàn títí tí á fi wà láàárín oorun àti ojú lílà. Ọ̀rẹ́ yẹn ti fi jáwọ́ nínú sìgá. Ẹlòmíì tí kì í lè wa mọ́tò gba orí afárá kọjá ti ń gbà á kọjá báyìí. Ni Bàbá Gyuwon bá pè mí: "Ìyá Sora, wọ́n ní ẹnì kan tó ń ṣe é wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù yín. Gba àyè fún wa. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Chuseok tó dé o." Bó ṣe sọ ọ́, ẹ máa rò pé mọ́tò tó fẹ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn ló ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Òkè ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ojú kan ni Olùkọ́ Tak, ẹni tó ń ṣe choemyeon náà, ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ogún ọdún kó tó kọ́ iṣẹ́ yìí, ohùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ dáadáa. Bàbá Gyuwon wo gbogbo ara ògiri.

"Aago tẹ́ ẹ máa ń fì níwájú èèyàn dà?"

"Mi ò ní," Olùkọ́ Tak dáhùn. "Tẹlifíṣọ̀n ló ní ìyẹn."

Bàbá Gyuwon fa ìwé kan yọ látinú àpò. "Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ yín lè rọrùn." Olùkọ́ Tak kà á sókè, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ó fẹ́ kí ọwọ́ náà san kí Chuseok tó dé. Ó fẹ́ kí ìyàwó òun máa fi ìdùnnú ṣe iṣẹ́ ọdún. Ó ní kó má máa mí kanlẹ̀ mọ́ tó bá ń fọ abọ́, torí ó máa ń ti òun lójú níwájú àlejò.

"Bàbá, kì í ṣe ìrẹsì la fẹ́ dà sínú ìkòkò," Olùkọ́ Tak sọ, ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún un. Ó kọjú sí ìyálé mi. "Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ìyá Gyuwon," ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Àwọn ni mò ń bi."

Ìyálé mi wo ilẹ̀ títí. "Ok-bun," ó sọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ìyáàfin Ok-bun, mi ò lè fi ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ sí yín nínú. Ẹ ò ní sùn lọ. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ máa gbọ́. Tó bá sú yín, ẹ lajú, ẹ dìde, ká lọ mu tíì. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ yín dúró síta?"

"Ẹ jẹ́ kó jókòó," ìyálé mi sọ. "Tó bá dúró síta, ilé la ti máa jà á."

Ó dùbúlẹ̀ sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Olùkọ́ Tak ní kó tẹjú mọ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, kó máa mí díẹ̀díẹ̀, títí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ fi wúwo tó sì padé. Ó ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ara á máa rọ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tí èjìká tí mi ò rí kó balẹ̀ rí ń balẹ̀.

"Ẹ ti dé ìsàlẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa ń sinmi. Kí lẹ rí?"

"Ilé ìdáná."

"Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń sinmi?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn náà já sí."

Olùkọ́ Tak mú un padà sókè, ó tún mú un sọ̀. "Yàrá mi ni," ìyálé mi sọ, "àmọ́ Màmá ń pè mí." Ó tún mú un sọ̀. "Ọgbà ni. Koríko ti pọ̀ jù láàárín ata yẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè fà á." Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, kò rí ibì kan ṣoṣo láyé tó ti jókòó rí tí iṣẹ́ ò bá a níbẹ̀! Omi bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà kẹrin, ojú ìyálé mi yí padà. "Mo gbọ́ bọ́ọ̀lù," ó sọ. "Tó, tó, tó. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa ni. Wọ́n ti ṣí fèrèsé, mo ń gbóòórùn òkun." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọmọ inú fọ́tò yẹn gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ Tak jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún dáhùn fúnra rẹ̀: kí ìka ìlábẹ̀ gbéra fún bẹ́ẹ̀ ni, kí ọmọ-ìka kékeré gbéra fún rárá. Ó ní kó má ran ìka kankan lọ́wọ́.

"Ṣé ọwọ́ yìí ń ṣàìsàn?"

Ọmọ-ìka kékeré gbọ̀n rìrì, ó gbéra. Rárá.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ọkọ rẹ̀ ké.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ṣé ó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ?"

Rárá.

"Ṣé nǹkan kan wà tó ń bá yín sọ?"

Ìka ìlábẹ̀ dìde. Bẹ́ẹ̀ ni.

"Tí ẹnu yín bá sọ nǹkan ọ̀hún, ṣé ọwọ́ á sinmi?"

Ìka ìlábẹ̀ náà, tó ti ń balẹ̀, tún gbéra, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sùúrù Bàbá Gyuwon bá tán. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń bá tẹlifóònù sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọwọ́ yìí! Ṣé o máa dín ẹja ní Chuseok àbí o ò ní dín in?"

Ọmọ-ìka kékeré dìde, ó nà tan-an-tan.

Níbi tí a gbé mọ́tò sí la ti ja ìjà ọjọ́ náà. "Oníjìbìtì ni obìnrin yẹn!" ó ń pariwo. "Mo gbé ìyàwó wá kó bá mi tún un ṣe, ó tún wá ń kọ́ ìka ẹ̀ ní ìwà àfojúdi!" Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìka yẹn ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni ẹ bi í, ó sì dá yín lóhùn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Sora, ìwọ tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àlejò ni ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ó ní ìyálé mi ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ìyálé mi wọ ẹ̀yìn mọ́tò.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá Sora, mo wà ní ibùdókọ̀ Daegu. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ yẹn mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ sọ fún wọn nílé?"

"Mo ní eyín ń dùn mí. Tètè wá jàre, kí n tó sá padà."

Túsìdeè mẹ́rin ni ó fi wá. Mo máa ń mú un dé ẹnu ọ̀nà, màá lọ ṣiṣẹ́, màá padà wá mú un. Olùkọ́ Tak kọ́kọ́ bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, kì í ṣe ohun tí ilé fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń ronú ìdáhùn. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ń jẹ kálígúksù, núdù gbígbóná, lẹ́bàá ibùdókọ̀: "Mo sọ fún un pé gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ sọ níwájú gbogbo wọn. Tí mo bá ń dá sọ ọ́, ohùn mi á lọ."

"Gbólóhùn wo?"

"Jẹ núdù ẹ."

Olùkọ́ Tak gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù ìyálé mi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní kó máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó kọ́ ọ pé kó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ìka ìlábẹ̀ bí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù kékeré kan dání kó tó gbá a, kó mí síta, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ yẹn á sì padà wá bá a. Ìyálé mi ń gbọ́ ohùn náà tó bá ń fọ abọ́. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó ń gbọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí.

Nígbà tí Chuseok ku ọ̀la, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti dé Yeongju, mo ti so épírọ́ọ̀nù mọ́ra láti inú mọ́tò. Ọkọ mi rò pé ara mi ò yá. A bá Bàbá kékeré, àbúrò bàbá ọkọ wa, tó ti jókòó sí pálọ̀, Màmá wà lórí àga rẹ̀, àwọn èso ọdún sì ti wà lórí àwo: ápù, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti èso pía ńlá mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó orí ọmọdé. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan àwọn èso yẹn kí àwọn òkú tó jẹ ẹ́. Ọmọ kékeré tó bá fọwọ́ kàn án, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀.

Bàbá Gyuwon ti gbé pátákó kan tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ síwájú ìyàwó rẹ̀ láàárín pálọ̀. Ọ̀bẹ tuntun kan wà lórí ẹ̀, èèkù rẹ̀ pupa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ náà, ó to tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì mẹ́rin.

"Inú àpò aṣọ ẹ ni mo ti rí i," ó sọ. "Eyín ń dùn ẹ́, àbí? Ó dáa. Gbogbo ẹbí rèé. Mú ọ̀bẹ yìí ká rí i. Tí kò bá bọ́, o ti ń tàn wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, wàá sì wọ ilé ìdáná lọ báyìí."

"Tó bá bọ́ ńkọ́?" mo bi í.

"Tó bá bọ́, ká jọ wò ó bí ìyàwó àkọ́bí ṣe ń dójú ti ilé."

Bàbá kékeré rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ tó mọ ọ̀nà Daegu á mọ ọ̀nà ọ̀bẹ."

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Kò sí ibi tí obìnrin náà lè yà sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀gàn ni tó bá bọ́, ẹ̀gàn ni tí kò bá bọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyálé mi sì wò mí pé kí n fi sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó rọra tẹ ìka ìlábẹ̀. Ó mí síta.

Ó mú ọ̀bẹ náà. Kò bọ́. Ó dì í mú ṣinṣin.

"Ẹ ò rí i!" Bàbá Gyuwon pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i, mo sọ fún yín!"

Ìyálé mi na ọwọ́ òsì, ó gbé èso pía tó tóbi jù lórí àwo.

"Ti baba ńlá ni o!" Bàbá kékeré ké. "Ìyá Gyuwon, orí ẹ pé ṣá?"

Kò dá a lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èèpo náà ń jáde gbọọrọ, tín-ín-rín, ó ń gùn, ó ń gùn, kò já títí tó fi dé ìdí. Gbogbo wa ń wò ó. Ó gé èso náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ègé àkọ́kọ́ fún Màmá. Lẹ́yìn náà ló padà wá, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó yí èèkù rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

"Bàbá Gyuwon, ọwọ́ mi ti san," ó sọ. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Mi ò ní dín in."

Ó tún ti ọ̀bẹ náà sún mọ́ ọn.

"Mi ò ní dín in lónìí, mi ò sì ní dín in lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi bọ́ àwọn bàbá yín. Ẹ̀yin lẹ bí wọn, àwọn ló bí yín, ẹ lọ́wọ́. Ẹ dín in."

Mo mọ̀ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀, wọn ò bí bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin Daegu yẹn ló kọ́ ẹ!" ọkọ rẹ̀ sọ.

"Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ."

"Kó tún ọwọ́ ẹ ṣe ni mo ní, mi ò ní kó..."

"Ó ti tún un ṣe. Ọ̀bẹ rèé, ṣé ó bọ́?"

Bàbá Gyuwon wo ọ̀bẹ, ó wo Bàbá kékeré, ó wo ọkọ mi. Mo wo ọkọ mi, èmi náà, mo sì mọ irú ojú tí mo fi wò ó, torí ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó tú épírọ́ọ̀nù kúrò nídìí mi, ó so ó mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ gbé páànù," ó sọ. Bàbá Gyuwon ò dìde. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n lù níta.

"Màmá, ẹ gbọ́ nǹkan tí ìyàwó yín ń sọ? Ẹ bá a wí!"

Màmá nìkan ni ìyálé mi bẹ̀rù nínú ilé yẹn, gbogbo wa ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ Túsìdeè mẹ́rin lè túká. Mo rí i tí ìyálé mi tún ń tẹ àtàǹpàkò mọ́ ìka.

Màmá ń jẹ èso pía náà lọ. Eyín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ó sì jẹ ẹ́ pẹ́. Ó gbé e mì. Ó nu ẹnu.

"Ìyá Gyuwon."

"Màmá."

"Obìnrin tó wà ní Daegu yẹn." Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Ìka mẹ́rin ibẹ̀ ti ká wọnú, kò lè nà wọ́n mọ́, mo sì ti rí ọwọ́ náà láìmọye ìgbà láì bi í ohun tó ṣe é. "Ṣé ó máa ń gba arúgbó? Tèmi yìí ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀ látijọ́."